Ta Ló Gbé Ọmọ Olùkọ́?

Ìbéèrè tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ rèé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Olùkọ́ jẹ́léósinmi ni mí ní Òṣogbo, mo sì ń lọ sí yunifásítì ní àkókò ọlidé láti gba oyè. Wọ́n ní ká kọ nǹkan nípa bí àwọn Júù ṣe sọ èdè Hébérù di èdè tí ọmọdé ń sọ. Olùkọ́ wa ní àwọn obìnrin ló ṣe é, pé wọ́n fi ilé, ọkọ àti ọmọ sílẹ̀ nítorí èdè wọn. Ọmọ mi kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù márùn-ún. Ọkọ mi ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń tọ́, tèmi ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ ó wù mí kí n ṣí jẹ́léósinmi tí a ó ti máa sọ Yorùbá sí iwájú ilé wa. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn obìnrin yẹn fi ilé sílẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe? Ṣé èmi náà lè ṣe é?"

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ọmọ, o sì kú wàhálà ilé-ìwé. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó mú bírò. Ohun tí o béèrè ni bí àwọn obìnrin Júù ìgbà náà ṣe pa iṣẹ́ àti ilé pọ̀. Ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn gan-an ni bóyá ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lè jẹ́ ìyá gidi fún ọmọ tirẹ̀. Mo kọ́ni ní ìtàn ẹ̀kọ́ fún ọdún 31 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, mo sì bí ọmọ mẹ́rin sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, nítorí náà ìbéèrè méjèèjì ti bá mi sùn, wọ́n ti bá mi jí. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìtàn. Òótọ́ wà nínú ohun tí olùkọ́ yín sọ, ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ ti gbé ẹrù kan lé ọ lórí tí àwọn obìnrin yẹn fúnra wọn kò rù.

Èdè Hébérù kò kú pátápátá bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń sọ. Wọ́n ń fi í gbàdúrà, wọ́n ń fi í ka Tórà, ìwé òfin mímọ́ wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi í kọ̀wé síra wọn láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Ẹnu ọmọdé ni kò sí. Kò sí ẹni tó ń fi í sunkún béèrè omi, kò sí ẹni tó ń fi í rẹ ọmọ lẹ́kún. Ọwọ́ ọkùnrin ló sì pọ̀ sí jù, nítorí ọmọkùnrin ni wọ́n ń rán lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ Tórà láti kékeré. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kò rí ju àdúrà díẹ̀ kọ́ nínú rẹ̀. Wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé le: èdè tí wọn kò fi kọ́ obìnrin ni wọ́n wá ń retí kí obìnrin fi tọ́ ọmọ. Gbogbo ìnira tí o máa kà nípa àwọn olùkọ́ wọ̀nyí, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Ẹni àkọ́kọ́ tó jìyà ìnira yẹn ni Devora, ìyàwó Eliezer Ben-Yehuda, ọkùnrin tó ṣáájú nínú akitiyan láti sọ Hébérù di èdè ẹnu. Ọdún 1881 ni tọkọtaya náà dé Jerúsálẹ́mù, ìjọba Tọ́kì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ọkọ ti pinnu pé Hébérù nìkan ni wọn yóò máa sọ nínú ilé, bẹ́ẹ̀ Devora kò gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ó bí ọmọkùnrin ní 1882, Ben-Zion, tí a wá mọ̀ sí Itamar Ben-Avi. Wọn kì í fẹ́ kí ọmọ náà sún mọ́ ẹni tó bá ń sọ èdè mìíràn, ó sì pẹ́ gan-an kó tó fọhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ròyìn nígbà tó dàgbà pé lọ́jọ́ kan ìyá òun gbàgbé ara rẹ̀, ó ń fi orin Rọ́ṣíà rẹ òun, ni bàbá òun bá wọlé, ó sì bínú gidigidi. Ìwọ tó ń tọ́ ọmọ oṣù márùn-ún lọ́wọ́, fojú inú wo ìyẹn: orin tí ìyá rẹ fi rẹ ọ́, wọ́n ní o kò gbọdọ̀ fi rẹ ọmọ rẹ. Ikọ́ ife pa Devora ní 1891. Kò pẹ́ rárá sígbà náà ni àrùn ọ̀fun, difitéríà, pa mẹ́ta nínú ọmọ márùn-ún tó fi sílẹ̀. Devora kò gba owó oṣù olùkọ́ nínú ilé yẹn, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni wọ́n máa ń pè ní ilé Hébérù àkọ́kọ́, mo sì fẹ́ kí o mọ iye tó ná obìnrin tó wà nínú rẹ̀ kí o tó kọ ìwé rẹ.

Nígbà tó di 1886, wọ́n dá ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi Hébérù kọ́ni sílẹ̀ ní Rishon LeZion, abúlé àgbẹ̀ kan lápá gúúsù Jaffa. Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀, ìwọ yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ọmọ á dé pẹ̀lú Yídíìṣì, èdè tí àwọn Júù Yúróòpù ń sọ nílé, tó ti gbó lẹ́nu rẹ̀, Hébérù olùkọ́ á wá dà bí èdè àlejò létí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ní kí àwọn tètè mú ọmọ nìyẹn. Ní 1898 wọ́n ṣí ti àwọn ọmọ kéékèèké sí Rishon yẹn kan náà, Esther Shapira ló sì ń kọ́ wọn, ọ̀dọ́bìnrin tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé ọmọbìnrin Evelina de Rothschild ní Jerúsálẹ́mù. Gan yeladim ni orúkọ tí wọ́n fún un, ọgbà àwọn ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí Friedrich Froebel ará Jámánì ṣe sọ tirẹ̀ ní 1840. Gannenet ni wọ́n ń pe olùkọ́ ibẹ̀. Àwa sọ tiwa ní jẹ́léósinmi, orúkọ náà sì sọ òótọ́ nípa ìyá tó mú ọmọ wá: ilé rẹ̀ á sinmi. Ilé olùkọ́ ni orúkọ náà kò kà mọ́ ọn.

Froebel gbà pé obìnrin ni iṣẹ́ yìí yẹ jù lọ, pé ìtọ́jú tí ìyá ń ṣe lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ni yóò gbé wá síta fún ọmọ gbogbo ìlú. Àwọn aṣáájú Júù gba èrò yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní gannenet ni ìyá tí yóò fi èdè fún ọmọ tí ìyá tó bí i kò lè fi fún un, nítorí ìyá yẹn kò gbọ́ Hébérù. Ọmọ á gbọ́ ọ ní gan yeladim, á gbé e dé ilé, á máa fi kọ́ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n gbé lé ọ̀dọ́bìnrin lọ́wọ́, ó sì yẹ kí o wo bó ṣe ń rí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọ gbé ọmọláńgidi wá, ó ní kí ni orúkọ èyí. Bíbélì ní orúkọ fún kẹ̀kẹ́ ogun, kò ní fún ọmọláńgidi. Ben-Yehuda ló ṣẹ̀dá buba fún un, òun náà ló ṣẹ̀dá magevet fún táwẹ̀lì àti glida fún áísìkirimù. Olùkọ́ ń kọ́ ọ̀rọ̀ mọ́jú, ó ń fi kọ́ ọmọ nígbà tílẹ̀ bá mọ́. Orin kò sí. Wọ́n ń tú u láti inú èdè Jámánì, títí Levin Kipnis fi dé ní 1913 láti kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Bezalel ní Jerúsálẹ́mù, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àjọ̀dún fún wọn. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ń jẹ́. Nígbà tí Rachel Bluwstein, tó wá di akéwì ńlá, dé Rehovot, abúlé àgbẹ̀ mìíràn, ní 1909, inú gan yeladim ló lọ jókòó sí kó lè gbọ́ Hébérù lẹ́nu ọmọdé.

Iṣẹ́ mọ́jú yẹn ni kí o fojú sí, nítorí ohun tó ń pa olùkọ́ kì í ṣe wákàtí tó lò ní kíláàsì. Ọ̀sán ni àwọn ọmọ ń lọ sílé. Lálẹ́, nígbà tó yẹ kí ìyá jókòó ti ọmọ tirẹ̀, ni olùkọ́ ń wá ọ̀rọ̀, ń gé páálí, ń tú orin. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n.

Ó wá kan ìbéèrè rẹ. Ṣé wọ́n fi ọmọ sílẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ nítorí wọn kò tí ì bímọ. Ọ̀dọ́bìnrin tí kò tí ì wọlé ọkọ ni ọ̀pọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ilé ọkọ àti ọmọ sì dé, àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn kò lọ́kọ rárá. Annie Landau wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó di ọ̀gá ilé-ìwé Evelina ní 1900, ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1945. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń darí ilé-ìwé tirẹ̀, nítorí náà kì í ṣe akọni Hébérù, ṣùgbọ́n mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ilẹ̀ tó ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ló máa ń dá olùkọ́ obìnrin dúró ní ọjọ́ tó bá ti ṣègbéyàwó, àfi ìgbà tí òfin ẹ̀kọ́ ọdún 1944 fòpin sí i. Bí ìwé bá wá kọ ọ́ pé obìnrin kan "fẹ́ iṣẹ́ dípò ọkọ", kọ́kọ́ wádìí bóyá wọ́n fi méjèèjì síwájú rẹ̀ rí.

Àwọn tó bímọ tí wọ́n sì dúró sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni ká fẹ́ olùkọ́, ká sọ ilé di kíláàsì. Ní 1905, Fania Matmon-Cohen àti Yehuda Leib ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé girama Hébérù ní Jaffa, èyí tó wá di ilé-ìwé Herzliya, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 17 nínú yàrá méjì tí wọ́n ń gbé. Yehudit Harari náà, tó kọ́ ọmọdé ní Rehovot, fẹ́ Haim Harari tó jẹ́ olùkọ́ ní Herzliya. Ó bí Yizhar ní 1908, ọmọ yẹn sì di aṣòfin ní Ísírẹ́lì. Ní 1958, nígbà tí Yehudit ti dàgbà, ó kọ ìwé ńlá kan nípa ìgbésí ayé àwọn obìnrin ilẹ̀ náà. Ìdí tí a fi mọ púpọ̀ nínú wọn nìyẹn. Ẹni tó fi kíláàsì sílẹ̀ nígbà tó bí ọmọ kejì kì í sábà kọ̀wé, ẹnikẹ́ni kì í sì í wá a lọ béèrè. Ohun tí olùkọ́ yín kà fún yín, ẹnu àwọn tó dúró ló ti jáde. Má fi ara rẹ wé wọn bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo olùkọ́ ìgbà náà ṣe rí.

Èyí tó wú mi lórí jù ni Hasia Feinsod-Sukenik. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ yìí ní ìlànà Froebel ní Yúróòpù, ó dé Jerúsálẹ́mù ní 1912, ó sì fẹ́ Eleazar Sukenik, ẹni tó wá di awalẹ̀pìtàn olókìkí. Ó bí Yigael ní 1917, ó bí Yosef ní 1920, ó bí Mati lẹ́yìn wọn. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ kiri dé Berlin àti Philadelphia, obìnrin yìí ní jẹ́léósinmi tirẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, ó sì ń kọ́ àwọn tí yóò di gannenet. Ìwé púpọ̀ kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ nítorí àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n rí lẹ́bàá Òkun Òkú, tó rà ní 1947, wọ́n sì kọ ti Yigael nítorí ogun àti ìwalẹ̀. Orúkọ ẹni tí ilé náà fara tì kì í sábà wà nínú wọn. Mati kú sójú ogun òfuurufú ní 1948. Mi ò lè kọ orúkọ obìnrin yìí láìdúró díẹ̀.

Nígbà náà, ta ló ń gbé ọmọ? Obìnrin mìíràn ni. Ìyá àgbà ni, tàbí àbúrò, tàbí aládùúgbò. Ní Rishon àti Rehovot, àwọn obìnrin Júù tó wá láti Yẹ́mẹ̀nì ló ń fọṣọ, tó ń gbálẹ̀, tó ń gbọ́mọ nínú ilé àwọn tí ọwọ́ wọn tó nǹkan. Nehama Pukhachevsky, òǹkọ̀wé tó ń gbé ní Rishon, kọ ìtàn nípa ìyà tó ń jẹ wọ́n. Owó oṣù obìnrin olùkọ́ kéré sí ti ọkùnrin, ti gannenet a sì máa kéré sí ti olùkọ́ ilé-ìwé. Ìyìn ni wọ́n fi ń dí àlàfo rẹ̀: ìyá orílẹ̀-èdè, ìyá èdè. Ní ìparí 1913, nígbà tí ẹgbẹ́ Júù ilẹ̀ Jámánì tó ń náwó sí ilé-ìwé fẹ́ fi èdè Jámánì kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Haifa, àwọn olùkọ́ fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ nítorí Hébérù, owó oṣù sì bá a lọ. Ogun dé lọ́dún kejì, eéṣú jẹ oko run ní 1915, ìjọba Tọ́kì sì lé àwọn Júù kúrò ní Jaffa àti Tel Aviv ní 1917. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ìyá orílẹ̀-èdè ní láti wá oúnjẹ fún ọmọ inú ilé rẹ̀.

Mo mọ bí irú ìyìn yẹn ṣe ń rí lára. Kí n tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo kọ́ jẹ́léósinmi fún ọdún mẹ́fà. Nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì, ìyá mi ló máa ń pọ̀n ọ́n wá ní aago mẹ́wàá, á dúró lábẹ́ igi dọńgóyárò lẹ́bàá fèrèsé. Bí mo bá ti gbọ́ ohùn ọmọ náà báyìí, ọmú á ti máa ṣẹ̀, iwájú bùbá mi á rin gbindin. Àwọn ọmọ kíláàsì á ní, "Àǹtí, omi dà sí yín lára." Mo máa ń tú gèlè mi bo àyà kí n tó jáde. Ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni tí mo wà nígbà náà ń yọ ìdajì wákàtí yẹn nínú owó mi lóṣooṣù. Nígbà tí mo bá a sọ ọ́, ó ní ìyá ni mí fún ọmọ gbogbo, kí n má wo ti owó. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n ṣe mí lẹ́yẹ nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, gbogbo ẹni tó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mo lágbára, mo lè ṣe méjèèjì pọ̀. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Ẹnìkan ṣoṣo kò dárúkọ rẹ̀, èmi náà kò sì dárúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mi. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀nà kan wà tí àwọn Júù gbìyànjú lẹ́yìn náà tí ó yẹ kí o mọ̀. Ní àwọn kibbutz, àwọn abúlé àjùmọ̀ní tó bẹ̀rẹ̀ láti Degania ní 1910, wọ́n dé ibi tí wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ọmọ lọ́tọ̀, àwọn olùtọ́jú ń bójú tó wọn, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ọmọ kì í sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n rò pé èyí yóò sọ obìnrin dòmìnira. Ó tú ìyá sílẹ̀ fún iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ni olùtọ́jú inú ilé ọmọ, ọ̀pọ̀ ìyá àti ọmọ sì sọ lẹ́yìn ìgbà náà pé òru le fún àwọn. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1990, wọ́n ti jẹ́ kí ọmọ padà máa sùn nílé. Mo gbà pé wọ́n fi tọkàntọkàn wá ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò nílò kí wọ́n gbé ọmọ jìnnà sí i, ẹni tí yóò gbé e dé tòsí rẹ̀ ló nílò.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ìwọ. Mi ò lè bá ọ dá ẹjọ́ ilé rẹ láti ibí, mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn ọkọ rẹ, bóyá owó ọkọ̀ àti owó wàrà ló ń rò tí ó fi sọ ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ara bá tù ú. Bí ilé-ìwé tí o wà nísinsìnyí bá ń fìyà jẹ ọ́ nítorí ọmọ, mọ̀ pé òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, owó tí wọn yóò san fún un láàárín ìgbà náà kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì owó oṣù rẹ̀ bí ó bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ká ní mo mọ̀ ọ́n nígbà tèmi. Kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan kí o sì padà kì í ṣe ìtìjú, ṣùgbọ́n ṣírò rẹ̀ dáadáa, nítorí ilé-ìwé aládàáni kì í pa àyè mọ́ fún ẹni tó lọ.

Ní ti jẹ́léósinmi Yorùbá, ó wù mí gan-an. Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kì í ṣe ohun àjèjì lo fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ilé tí ó di kíláàsì kì í sinmi. Ọmọ rẹ àgbà yóò rí i kí ọmọ mẹ́wàá máa pe ìyá rẹ̀ ní àǹtí lójú rẹ̀, yóò jowú, yóò máa wá ẹsẹ̀ rẹ láti jókòó lé. Nítorí náà má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ju ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ, kó jẹ́ òwúrọ̀ nìkan, aago mẹ́jọ sí méjìlá, kí o sì ti ilẹ̀kùn yàrá kan pa tí ọmọ ọlọ́mọ kò ní wọ̀. Má ṣe é kí ọmọ ọwọ́ rẹ tó lè jẹ ẹ̀kọ.

Kí o tó tẹ ìwé ìkéde kankan, lọ jókòó ti ìyá ọkọ rẹ. Devora kò ní ìyá tó lè kọ́ ọ ní orin ìrẹ̀mọ́ lédè Hébérù. Esther Shapira kò ní ẹni tó lè sọ fún un ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ń pe ọmọláńgidi. Ìwọ ní in nínú ilé. Obìnrin yẹn mọ àlọ́, ó mọ orin òṣùpá, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣeré bojúbojú. Sọ fún un pé òun ni yóò máa pàlọ́ fún àwọn ọmọ láti aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, kí o lè jókòó fọ́mọ lọ́mú nígbà yẹn. Kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé owó oṣù, kí o sì san án fún un ní ìparí oṣù bí o ṣe máa san ti olùkọ́ yòókù, lójú ọmọ rẹ̀.